Ọjọ́ Tí Gbogbo Ọkọ̀ Parakou Ń Lọ sí Kútọnu

Ìyá tó bí mi kú láìmọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Kì í ṣe pé n kò sọ fún un. Mo sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Bí àwọn tí wọ́n jọ ń ta aṣọ bá bi í pé, "Sìkírátù ńkọ́, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" á ní, "Ó ń ta iná ẹ̀lẹ́tíríkì." Nígbà tó yá, ó yí i padà, ó ní akọ̀wé ni mí. Nígbà tó wá dàgbà gan-an, ńṣe ló máa ń gbá mi léjìká níwájú àlejò, á ní, "Ọmọ mi yìí, ó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà sì ń dá a lóhùn. Ẹ bá mi fi í sínú àdúrà." Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, tí wọ́n ní kí n wá sọ tèmi fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. N kò fẹ́ àdúrà yẹn mọ́.

Iṣẹ́ mi nìyí. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́, iṣu tútù ni. Ènìyàn lè kà á, ẹ̀rọ kò lè jẹ ẹ́. Èmi ni mo máa ń gba iṣu náà, màá sè é, màá dì í lẹ́rù, màá sì gbé e fún ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ẹnu àwọn ẹ̀rọ kò sì rí bákan náà. Ohun tí ọ̀kan jẹ tó yó, òmíràn á bì í. Bí o bá ń sè é lórí ẹ̀rọ kan, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn gan-an ló máa jẹ ẹ́, "síse ilé" là ń pe ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bí o bá ń sè é lórí ẹ̀rọ kan fún ẹnu ẹ̀rọ mìíràn, "síse àlejò" nìyẹn. Ẹ di orúkọ méjèèjì mú dáadáa, nítorí bí wọ́n ṣe da méjèèjì pọ̀ láìtọ́ ló mú kí ọ̀gá mi sùn sí ìlú Kandi.

Ará Ìlọrin ni bàbá bàbá mi. Òwò aṣọ ló gbé e dé Parakou nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òwò aṣọ ló fi kọ́lé sí àdúgbò Albarika, wọ́n sì ti pèsè ìsọ̀ sílẹ̀ de èmi náà. Mo jáde ilé ìwé, mo wo aṣọ, aṣọ wò mí, a kò fẹ́ràn ara wa. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi kò gùn: mo rí kọ̀ǹpútà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò Banikanni, mo wọlé, n kò jáde mọ́. Ti owó tó ń fún wa, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, dókítà sì ti kìlọ̀ fún mi.

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni ọ̀gá náà, ọkùnrin gíga, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Bó bá pe ọ̀kan nínú wa nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń kọjá lójú títì á dáhùn. Pátírọ́ọ̀ là ń pè é, bí gbogbo àpáráǹtì ṣe ń pe ọ̀gá wọn nílùú wa. Ó le. Kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀, o gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́, kí o gbẹ ẹ́, kí o sì fi í hàn án níwájú-lẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá ń ti òkè wá bò wá, a gbọ́dọ̀ máa fi aṣọ bo gbogbo ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, ìsọ̀ ìyá mi ló sì ti ń ra aṣọ náà. Mo sá fún aṣọ, aṣọ lé mi bá.

Ṣùgbọ́n òfin kan ló borí gbogbo òfin rẹ̀: ẹni tó bá se oúnjẹ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, níbi tó ti sè é. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nílé wọn ní Ṣábẹ̀, wọn kì í gbé àwo síwájú àlejò láìjẹ́ pé ẹni tó sè é bu òkèlè kan jẹ lójú àlejò náà, kó lè mọ̀ pé inú mímọ́ ni wọ́n fi gbà á. Pátírọ́ọ̀ gbé àṣà yìí wọ ṣọ́ọ̀bù. Ètò kan kò gbọ́dọ̀ jáde lọ́dọ̀ wa kí á tó ṣí i lórí ẹ̀rọ tí a ti sè é, lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo se ètò kan fún ayàwòrán kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo tọ́ ọ wò, Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n Pátírọ́ọ̀ ti yíjú sí títì nígbà náà.

Ó bi mí pé, "O ti tọ́ ọ?"

Mo ní, "Mo ti tọ́ ọ, Pátírọ́ọ̀."

"Ta ló rí ọ?"

Mo wò yíká, kò sí ènìyàn kankan. Mo ní, "Ẹ̀rọ rí mi."

Ó ní, "Bọ̀ọ̀n, ó dáa. Kúnlẹ̀, kí o bẹ ẹ̀rọ kó wá jẹ́rìí fún ọ."

Mo kúnlẹ̀. Ibi tí mo ti kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, tí mo ń bẹ̀ ẹ́, ni ayàwòrán náà ti wọlé. Ó wò mí, ó wo Pátírọ́ọ̀ tó káwọ́ gbera lẹ́yìn mi, ó sì rọra fi ẹ̀yìn rìn jáde. Nígbà tó máa padà wá gba ẹrù rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ pásítọ̀ ló mú dání. Mo bínú sí Pátírọ́ọ̀ nígbà náà, mo tún ń bínú díẹ̀ báyìí tí mo ń sọ ọ́. Síbẹ̀, mi ò tíì gbé ètò tí mi ò tọ́ wò fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́, ó ṣe ayẹyẹ ìdásílẹ̀ fún mi, líbéráṣọ́ọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn aránṣọ àti onídìrí. Ẹ mọ̀ pé pọ́dà funfun ni wọ́n ń dà léni lórí. Wọ́n dà á lé mi títí mo fi dà bí ẹni tó ṣubú sínú àpò ìyẹ̀fun. Pọ́dà náà bá afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ Pátírọ́ọ̀, ẹ̀rọ húkọ́, ó sì dákẹ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá fúnra mi ni kí n tú ẹ̀rọ náà, kí n sì fọ pọ́dà ìdásílẹ̀ mi kúrò nínú rẹ̀. Mo ní kí n lọ dá dúró. Pátírọ́ọ̀ kò bẹ̀ mí kí n má lọ. Ó kàn ní, "Níbo lo ń lọ?" Bí mo ṣe dúró nìyẹn.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní dísíkẹ́ẹ̀tì la fi ń gbé ètò. Bí ooru Parakou bá mú un, á ká kò bí ìpékeré. Lẹ́yìn náà ni sídíì dé, tí àwọn onísẹ́míjàn, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ń so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù wọn kó máa dán. Lẹ́yìn ìyẹn, ètò ń gba inú afẹ́fẹ́ wọlé, bí iná bá wà, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, síse ilé nìkan là ń ṣe. Ẹ̀rọ wa àti ẹ̀rọ àwọn oníbàárà, ẹnu kan náà ni wọ́n ní, nítorí náà ohun tí Pátírọ́ọ̀ bá tọ́ wò tó dùn, ó dùn nílé gbogbo ènìyàn. Òfin ìyá rẹ̀ kò yẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọ̀ ọ́, ara èmi náà sì wú díẹ̀.

Iṣẹ́ wá ń dín kù. Gbogbo ayé ra fóònù, kò sẹ́ni tó tún ń gbé kọ̀ǹpútà wá. Ọdún yẹn ni Aláàjì, olórí àwọn onímọ́tò ní ibùdókọ̀ ńlá, wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ọmọ ẹ̀yà Dẹ́ńdì ni, ó sanra, ọ̀yàyà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kò jìnnà. Ó ní àwọn tó ń kígbe pe èrò ní ibùdókọ̀ ti sọ ibẹ̀ di ilé wèrè; wọ́n ń fa èrò ya, wọ́n ń jà, àná ni ọ̀kan gé ọ̀kan ní etí jẹ. Ó fẹ́ ẹ̀rọ tó máa pe orúkọ ìlú fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ènìyàn lè sinmi. Ó ti ra ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ó sì yọ ọ́ lápò agbádá: ẹ̀rọ náà kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ.

Pátírọ́ọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Aláàjì lọ tán, ó pè mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Sìkírátù, gbọ́ mi. Bí iṣẹ́ yìí bá dára, gbogbo ibùdókọ̀ títí dé Natitingou á wá bá wa. Bí kò bá dára, màá ti ilẹ̀kùn yìí pa, màá padà sí Ṣábẹ̀ lọ mójú tó oko káṣú mi. Ìwọ náà á lọ ta aṣọ." Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà. Bí ṣọ́ọ̀bù yẹn bá ti pa, ta ló máa gbà mí?

Ẹ̀rọ ọlọ́ṣẹ yìí kò ní ẹnu bíi ti ẹ̀rọ wa. Mo ní kí á gbé e sórí tábìlì, kó máa se oúnjẹ ara rẹ̀. Pátírọ́ọ̀ wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú. "Ọmọdé á máa dáná nínú ilé tí àgbà wà? Àti pé ó lọ́ra; kí ó tó se ètò kan jinná, káṣú á ti so lẹ́ẹ̀mejì." Ti pé ó lọ́ra, òótọ́ ni. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ síse àlejò nìyẹn: ẹ̀rọ ńlá ń sè, ẹ̀rọ kékeré ń dúró de oúnjẹ.

Síse àlejò kò rọrùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àwọn ètò kan wà tó jẹ́ pé láàárín síse, wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ ṣíbí tiwọn, wọ́n á sì fi ṣíbí yẹn ro ìyókù. Bí o bá gbàgbé, tí o gbẹ́ ṣíbí náà fún ọwọ́ ẹ̀rọ kékeré, ẹ̀rọ ńlá kò ní lè dì í mú, ìkòkò á sì dúró síbẹ̀. Ṣíbí fún ẹni tó ń sè é, ọbẹ̀ fún ẹni tó máa jẹ ẹ́: ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Èmi ni mo yanjú rẹ̀, èmi nìkan, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohùn ló kù. Pátírọ́ọ̀ ní ohùn òun ló gbọ́dọ̀ pe ìlú, nítorí kò sí ohùn mìíràn ní Parakou tó tó o. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó pe gbogbo ìlú bí ẹni tó ń fi ọba jẹ. A so gbogbo ohùn náà pọ̀ mọ́ra gbọọrọ bí okùn kan, àtẹ nọ́ńbà kan ló sì máa ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ lórí okùn náà. Àtẹ yẹn ni wàhálà wa.

Mo ní, "Pátírọ́ọ̀, ẹ̀rọ kékeré ló máa ka àtẹ yìí. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ṣe é. Kékeré ni, kò ní pẹ́."

Ó ní, "Àtẹ orúkọ ìlú? Kí n gbé e fún ọlọ́ṣẹ? Sìkírátù, èmi ni màá ṣe é, lórí ẹ̀rọ mi, màá sì tọ́ ọ wò níbi tí mo ti ṣe é."

Ó ṣe é. Ó tọ́ ọ wò lórí ẹ̀rọ ńlá, gbogbo ìlú pé, kò sí èyí tó ṣì pè. Ó wò mí, ó ní, "O rí i?" Kí ni mo máa sọ? Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Bí wọ́n ṣe ń sọ nìyẹn. Àmọ́ èmi wà lórí igi lọ́jọ́ náà, mo sì ń rí nǹkan.

Ọjọ́ tí a máa fi ẹ̀rọ náà lọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ dé. Lọ́sẹ̀ yẹn ni ọmọbìnrin Pátírọ́ọ̀ tó wà ní Kútọnu, nísàlẹ̀ létí òkun, bímọ, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́, wọ́n sì máa sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kejì ìfilọ́lẹ̀ náà. Pátírọ́ọ̀ ní òun á fi ẹ̀rọ lọ́lẹ̀ tán ní ibùdókọ̀, ẹ̀rọ òun gan-an ló máa pe ọkọ̀ òun, òun á sì wọ̀ ọ́ lọ lójú gbogbo ayé. Ó wọ agbádá funfun. Èmi wà lẹ́yìn àgọ́ tíkẹ́ẹ̀tì, mo ń di wáyà.

Aláàjì tẹ bọ́tìnì ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ohùn Pátírọ́ọ̀ jáde nínú gbohùngbohùn: "KÚ-TỌ-NU!" Ọkọ̀ Kútọnu ni lóòótọ́. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń kígbe pe èrò tẹ́lẹ̀ dorí kodò. Pátírọ́ọ̀ ìbá ti wọ ọkọ̀ yẹn, ayé ìbá sì dára, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gba ìkíni, ó sì fẹ́ tún gbọ́ ohùn ara rẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ní òun á wọ òmíràn.

Aláàjì tẹ bọ́tìnì ọkọ̀ Nikki. Ẹ̀rọ ní, "KÚ-TỌ-NU!" Wọ́n rò pé ó ń tún ti àkọ́kọ́ pè ni. Ó tẹ ti Natitingou, ẹ̀rọ ní, "NIKKI!" Àwọn ará Nikki sáré, wọ́n kó àpò wọn sórí ọkọ̀ Natitingou. Ó tẹ ti Malanville, tó ń lọ sí òkè pátápátá, sí etí odò. Ẹ̀rọ ní, "KÚ-TỌ-NU!" Pátírọ́ọ̀ gbé àpò rẹ̀, ó juwọ́ sí wa bí gómìnà, ó sì gun ọkọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀, awakọ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní, "Bàbá, Malanville là ń lọ o."

Pátírọ́ọ̀ ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

"Ó ti pẹ́, Bàbá."

"Síbẹ̀ o kò mọ ibi tí o ń lọ. Ṣé o kò gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ sọ? Ẹ̀rọ tí mo bá tọ́ wò kì í purọ́. Wa ọkọ̀."

Awakọ̀ wo irun funfun, ó wo agbádá, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni àgbà ń ṣe. Ó wa ọkọ̀. Ìyá alálùbọ́sà kan jókòó tì í. Ó bi í pé, "Bàbá, Malanville lẹ ń lọ?" Pátírọ́ọ̀ ní, "Rárá o, Kútọnu." Ìyá náà káàánú rẹ̀, ó bu ẹ̀pà fún un, ó sì ń rọra bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Ibùdókọ̀ dàrú. Bí ẹ̀rọ bá ti pe ìlú mìíràn lẹ́ẹ̀kan, Kútọnu ló máa pè tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ obìnrin kan wà lórí ọkọ̀ Djougou, obìnrin náà fúnra rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ Kandi, àwọn méjèèjì ń ké sí ara wọn. Aláàjì ṣí fìlà sílẹ̀, ó ń pariwo pé, "Sìkírátù! Ṣé gbogbo Bẹ̀nẹ̀ ló ń lọ sí Kútọnu ni? Ta ló kù nílé?" Mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rín sì ń gùn mí, mo fi ìborùn di ẹnu mi.

Mo pe fóònù Pátírọ́ọ̀. "Pátírọ́ọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Òkè lẹ ń lọ!"

Ó ní, "Má dá mi lágara. Bóyá wọ́n ti yí ọ̀nà padà."

"Oòrùn wà lápá wo lára yín?"

Mo gbọ́ tí ìyá alálùbọ́sà ń sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Ó wá ní, "Oòrùn náà wà níbi tí kò yẹ kó wà." Ó sì pa fóònù.

Kandi, lójú ọ̀nà Malanville, ló ti sọ̀ kalẹ̀. Kò rí ọkọ̀ padà lọ́jọ́ náà, bó bá sì tilẹ̀ rí i, kò lè dé Kútọnu kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́bàá títì Kandi, láàárín àpò àlùbọ́sà, ló ti fi fóònù sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ohùn rẹ̀ tóbi, àwọn èrò tó wà níbẹ̀ ló ń ṣe àmín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún mi pé nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, bàbá òun kò pa fóònù, ó wá ní, "Mo fẹ́ gbé e." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo ìyókù, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Aláàjì ti ṣe ìdájọ́. Ó ní títí di ọjọ́ ọjà, bí ẹ̀rọ kò bá pe ìlú bó ṣe yẹ, òun á jù ú sí kànga, òun á pe àwọn tó ń kígbe padà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ṣọ́ọ̀bù wa ní ibùdókọ̀ mọ́. Mo mọ ohun tí Pátírọ́ọ̀ máa ṣe bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀. Oko káṣú.

Mo gbé ẹ̀rọ ọlọ́ṣẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo nu tábìlì Pátírọ́ọ̀, mo gbé e lé e, mo ń wò yíká bí ẹni tó fẹ́ jalè. Mo wo àtẹ náà níbẹ̀, mo sì rí i. Ẹ̀rọ ńlá máa ń fi àyè méjì sílẹ̀ fún nọ́ńbà kan. Ẹ̀rọ kékeré ń fi ọ̀kan. Ó ka nọ́ńbà àkọ́kọ́, ó bá a. Ó ka èyí tó tẹ̀ lé e, àyè òfìfo ló bá. Òfìfo sì ni ìbẹ̀rẹ̀ okùn, Kútọnu ló sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ okùn. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, nọ́ńbà Nikki ló bá níbi tó ti ń wá ti Natitingou. Ẹ̀rọ kékeré kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwo àgbà ni wọ́n gbé fún un, ó ń fi ọwọ́ ọmọdé bù ú.

Mo fi ohùn àti ètò ńlá sílẹ̀ bí ẹ̀rọ ńlá ṣe sè wọ́n, nítorí ìyẹn dára. Àtẹ nìkan ni mo ní kí ẹ̀rọ kékeré ṣe fúnra rẹ̀, kó sì pe ìlú kọ̀ọ̀kan sí mi létí. Ó gbóná; mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń fẹ́ aboyún. Gbogbo ìlú pé.

Síse ilé díẹ̀, síse àlejò púpọ̀: bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà nìyẹn láti ìgbà yẹn títí mo fi fẹ̀yìntì. Lónìí, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń rán iṣu wọn lọ sórí ẹ̀rọ kan nílẹ̀ òkèèrè, á sì jinná kí wọ́n tó mu omi tán. Wọ́n ní kí n sinmi, pé ẹ̀rọ ti mọ gbogbo rẹ̀. Mo ní ó dáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn pè mí pé ṣíbí kan wà tí ẹ̀rọ kọ̀ láti dì mú. Mo rẹ́rìn-ín fún un dáadáa kí n tó dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ náà: Pátírọ́ọ̀ dé láti Kandi, eruku ti sọ agbádá funfun di pupa, ó gbé àpò àlùbọ́sà tí ìyá yẹn fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ẹ̀rọ ọlọ́ṣẹ lórí tábìlì rẹ̀. Mo ti múra láti kúnlẹ̀.

Ó ní, "Pe ti Malanville."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ jáde: "MALANVILLE!"

"Ta ló se àtẹ yẹn?"

"Òun fúnra rẹ̀, Pátírọ́ọ̀."

"Ta ló tọ́ ọ wò?"

"Ẹni tó máa jẹ ẹ́."

Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà. Ó gbé àpò àlùbọ́sà sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi ń bu òkèlè jẹ nítorí ẹnu kan náà ni òun àti àlejò ní. Èmi ni mo gbàgbé." Ó wo ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ìbínú, ó tún ní, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ ọjà, Aláàjì kó gbogbo ènìyàn jọ. Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan àfi bí Pátírọ́ọ̀ bá tún gbára lé ẹ̀rọ náà, kó wọ ọkọ̀ tó bá pè. Àwọn tó ń kígbe pe èrò ti ń rẹ́rìn-ín ṣáájú. Aláàjì tẹ bọ́tìnì káàkiri bó ṣe wù ú: Nikki, Nikki lọkọ̀. Natitingou, Natitingou lọkọ̀. Malanville, Kandi, Djougou. Níkẹyìn, "KÚ-TỌ-NU!" Gbogbo ojú yí sí Pátírọ́ọ̀.

Pátírọ́ọ̀ gbé àpò rẹ̀. Ó rìn lọ bá ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò gùn ún. Ó tẹ̀ mọ́ fèrèsé awakọ̀. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, níbo lò ń lọ?"

"Kútọnu, Bàbá."

"Jọ̀ọ́, tún un sọ."

"Kútọnu ni, Bàbá."

Gbogbo ibùdókọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Aláàjì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà wọlé. Pátírọ́ọ̀ gun ọkọ̀, ó yọ orí lójú fèrèsé, ohùn ńlá rẹ̀ sì padà dé: "Sìkírátù! Mo ń lọ gbé ọmọ-ọmọ mi. Bí mo bá pẹ́, má wá mi. Jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí."

Ó pẹ́. Ọmọ náà kọ́ ìrìn, ó kọ́ ọ̀rọ̀, ó wọ ilé ìwé, Pátírọ́ọ̀ sì wà ní Kútọnu, kò sì padà wá ṣiṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ tó lọ náà, mo ti ibùdókọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń sunkún lójú títì láìtijú. Mo wọlé, mo sì jókòó sórí àga rẹ̀. Ènìyàn gíga ló ni àga náà, ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀. Mo lè gé ẹsẹ̀ àga náà kúrú. Káfíńtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. N kò gé e. Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ nìyẹn, tí ẹsẹ̀ mi ń mì dirodiro, títí mo fi fẹ̀yìntì.